Àmín Tí Ẹ̀rọ Kà

Mopélọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òkèlè kejì kan ọbẹ̀ ni Abèèrè, ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń bi ará ìlú ní ìbéèrè, kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ, Màámi," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká jẹun tán ná."

"Kó máa lọ kẹ̀?" Ìyá rẹ̀ ti ń nu ọwọ́ sára ìró. "Kó tún padà wá nírọ̀lẹ́, kó tún padà wá láàárọ̀ ọ̀la, títí Ìyá Bísọ́yè á fi máa bi mí pé kí ni mò ń fi pamọ́ tí mi ò fi lè dáhùn? Má kó mi sẹ́nu ayé, jọ̀ọ́."

Ó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rọ náà dúró lójú afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n àyà rẹ̀, ó rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ń tàn bí ojú ológbò. Lẹ́yìn rẹ̀, afárá pákó tó so ilé mọ́ ilé nà lọ lórí ọ̀sà títí ojú ò fi tó o mọ́. Láti ìgbà tí òkun ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba wọn ni gbogbo Ọ̀tún-Ọ̀sà ti ń gbé orí òpó, tí omi ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ibùsùn wọn.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá wa," ni Abèèrè wí. "Ẹ kú òtútù yìí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ajọ́mọgbé rí ọmọ wa gbé."

"Àmín o," ni ìyá dá a lóhùn.

"Ọlọ́run á jẹ́ kí ìjọba wa máa tètè rí ohun tí ẹni ibi fi pamọ́, kó tó délé wa."

"Àmín! Àmín láṣẹ Èdùmàrè."

Ẹ̀rọ náà ké pín-ín bí ọmọ adìyẹ. "A ti gbọ́ ohùn yín. Ẹ fara mọ́ ọn. Ẹ ṣeun." Ó yí padà, ó sì gba orí afárá lọ sílé kejì.

Ìyá ò tíì ti ilẹ̀kùn. Ó dúró, ó dẹ etí bí ẹni tó gbọ́ orin tó mọ̀.

"Mopé. Ohùn ta nìyẹn?"

Mopélọ́lá gbé òkèlè mì.

"Ohùn ẹ ni!" Ìyá pàtẹ́wọ́. "Ohùn ọmọ mi ni! Ìyá Bísọ́yè! Ìyá Bísọ́yè o! Ẹ yọjú! Ohùn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín yẹn, Mopé mi ni!"

Láti òdìkejì afárá, orí kan tí wọ́n di ìdajì irun rẹ̀ yọ lójú fèrèsé. "Mopé tó ń ṣiṣẹ́ lókè ọ̀hún? Ṣé òun náà ló ń gba gbogbo àdúrà yìí? Háà! Ó ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà wa! Ẹ ní kó wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ ìsinmi, tiwa kì í jẹ́ kéèyàn tètè lọ jẹun."

Àwọn obìnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Mopélọ́lá náà rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ẹnu rẹ̀ lè ṣe. Ìyá padà wá jókòó, ojú rẹ̀ ń dán. Ó mú ẹran ẹja tó dára jù nínú àwo tirẹ̀, ó fi sínú ti ọmọ rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò ti sọ fún mi? Gbogbo ọjọ́ tí mo ń rò pé ìwé lo ń kọ lọ́fíìsì yín. Àṣé àdúrà lò ń gbà fún ìlú."

"Èmi ò ṣe àmín tèmi o, Màmá."

Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì yàrá ni ohùn náà ti wá. Mopélọ́lá yíjú. Kọ́tìnì sún díẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ẹni ogún ọdún lọ dúró síbẹ̀, ó fi aṣọ gbé apá rẹ̀ òsì kọ́rùn, ojú rẹ̀ kan sì wú dé etí.

"Àtọ́kẹ́," ni ìyá wí, "mo ní kí o má jáde bí àlejò bá wà."

"Ẹ ní ọmọ yín ni, mà. Mo rò pé ọmọ kì í ṣe àlejò." Ó ń wo Mopélọ́lá. "Mo ti fẹ́ ṣe é. Ó ti dé ètè mi. Mo rántí pé kò yẹ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi níbí, ni mo bá fi eyín di ìka mú."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Mopé, o ò rí nǹkan kan."

"Mi ò rí nǹkan kan, Màámi."

Kò yẹ kó yà á lẹ́nu. Ó mọ̀ pé ìyá òun àtàwọn obìnrin mélòó kan máa ń gba ìyàwó tí ọkọ bá fẹ́ lù pa, wọ́n á fi í pamọ́ láti ilé dé ilé, títí ọkọ̀ á fi gbé e kọjá ọ̀sà. Ohun tó rò ni pé wọ́n ti dàgbà kọjá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wo ọrùn ìyá rẹ̀. Kọ́lọ́bọ́ rẹ̀, èyí tí kálukú fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àṣírí, wà níbẹ̀ lẹ́nu okùn dúdú, kò tóbi ju èkùrọ́ lọ, ó ti dán nítorí ọjọ́ pípẹ́. Inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn wà: ilé wo, ọkọ̀ ta, àárọ̀ wo. Èémí ẹni tó ni ín nìkan ló sì lè ṣí i.

"Ọkọ mi, sájẹ́ǹtì ni láàárín àwọn Ẹ̀ṣọ́ Omi," ni Àtọ́kẹ́ wí, wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń ka ìwé. "Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló máa ń sọ ọ́. Ó ní bí Òfin Kọ́kọ́rọ́ Kejì bá wọlé, òun ò ní wá mi kiri mọ́. Òun á kàn jókòó sí ọ́fíìsì, òun á máa ṣí kọ́lọ́bọ́ àwọn ìyá àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pa ẹ̀pà. Ó ní ọ̀la ni wọ́n máa dìbò sí i, pé ará ìlú ti fara mọ́ ọn." Ó mí kanlẹ̀. "Mo máa ń bi ara mi pé ará ìlú wo. Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ àdúrà yẹn?"

"Ó ṣe jẹ́?" Ìyá ti bínú. "Àdúrà kì í ṣe òfin. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n jí ọmọ gbé. Kí ló kan kọ́lọ́bọ́ mi níbẹ̀? Mopé, ṣé ó kàn án?"

Mopélọ́lá wo ọbẹ̀. Epo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì létí àwo.

"Kò kàn án, Màámi," ó wí.

*

Ó kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ rẹ̀ so wọ́n pọ̀.

Ní Ilé Ohùn Ìlú, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, gbangba ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ìbéèrè náà: Ṣé ẹ fẹ́ kí ìjọba ní kọ́kọ́rọ́ kejì sí kọ́lọ́bọ́ yín? Wọ́n rán Abèèrè díẹ̀ jáde láti dán an wò. Rárá ni wọ́n gbé bọ̀. Bàbá àgbà kan ní òun á fún ìjọba ní kọ́kọ́rọ́ òun lọ́jọ́ tí ìjọba bá fún òun ní ti yàrá ìyàwó wọn. Ọ̀gá Ṣówándé, olórí wọn, gbọ́ ọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìbéèrè yìí le jù. Ẹ wá nǹkan tó máa rọ̀ ọ́."

Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ìjókòó Mopélọ́lá, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ló ti kàwé, lábẹ́ ìsọ̀ àwọn tó ń yan ẹja, níbi tí èéfín ti máa ń jẹ́ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ máa sunkún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́fíìsì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bí wọ́n bá ṣí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, kí wọ́n múra ẹ̀bà sílẹ̀. Ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ó mọ irú aṣọ tí ẹni náà wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì mọ ẹni tó rẹ́rìn-ín pẹ́ jù.

Òun ló na ọwọ́ sókè. "Ará ibí kì í gbọ́ àdúrà kó dákẹ́," ó wí. "Bí a bá sọ ọ́ di àdúrà, wọ́n á ṣe àmín. Kí Abèèrè sì máa ka àmín sí bẹ́ẹ̀ ni."

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Ṣówándé dìde, tó pàtẹ́wọ́, tí gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ni kí ẹ̀rọ máa lò, nítorí ó dùn bí ohùn ọmọ tó mọ ilé. Ó dùn mọ́ ọn. Ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú jù nìyẹn báyìí: ó dùn mọ́ ọn. Ó sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Nínú ọkọ̀ tó gbé e kúrò nílé ìyá rẹ̀, ó ń fi ahọ́n tọ́ eyín ìsàlẹ̀ tó hù wọ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí àkọ́kọ́ yọ níbẹ̀. Ó wọ búbá àǹkárá aláwọ̀ ewé, apá rẹ̀ òsì ti ya. Bàbá rẹ̀ já kọ́lọ́bọ́ lọ́rùn ìyá rẹ̀, ó mí sí i, kò ṣí. Ó tutọ́ sí i, kò ṣí. Ó gbé e sórí ọlọ, ó fi ọmọ ọlọ lù ú, ọmọ ọlọ ló là. Nígbà tó sú u, ó yíjú sí ọmọ.

"Kí ni wọ́n sọ nínú ẹ̀?"

Mopélọ́lá mọ̀ ọ́n. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nígbà tó ń gbọ́ ọ ní ìdí omi. Ó mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ọkọ̀ bọ̀ àti òpó tí ọkọ̀ máa dúró tì. Ìgbájú àkọ́kọ́, kò sọ. Èkejì yọ eyín, kò sọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wà lábẹ́ àwọ̀n ẹja nínú ọkọ̀, ìyá rẹ̀ ń fi ìka nu ẹ̀jẹ̀ létè rẹ̀, ó ń wí lábẹ́ ohùn pé, "Ọlọ́run á bò ọ́ láṣìírí bí o ṣe bò mí." Ó sì ṣe àmín, pẹ̀lú ẹnu tó wú.

Ẹnu kan náà ni.

*

"Gbólóhùn kan péré," ni Ọ̀gá Ṣówándé wí fún un lọ́jọ́ kejì, lẹ́nu ọ̀nà Gbọ̀ngàn Ìgbìmọ̀. Agbádá rẹ̀ ń dún pàrà-pàrà bí ìwé tuntun. "Wọ́n á ní ṣé òótọ́ ni, wàá ní òótọ́ ni, wàá jókòó. Bí a bá ti jáde, o ò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́ láyé."

"Ọ̀gá, bí wọ́n bá bi wá pé kí la bi àwọn ènìyàn ńkọ́?"

"Èmi ni màá dáhùn ìyẹn."

"Ìbéèrè ti àkọ́kọ́ lẹ máa kà fún wọn?"

Ó wò ó bí ẹni tó ń wo bàtà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lẹ́sẹ̀. "Mopélọ́lá, ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ́ wa lọ́gbọ́n yìí? Kí ló dé tí o wá ń ṣe bí ẹni tí wọ́n jí ẹran rẹ̀ gbé? Gbọ́ mi. Bí o bá la ẹnu sọ òmíràn níbẹ̀, àmì iṣẹ́ tó wà láyà ẹ yẹn, ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lo máa fi sí, ojú gbogbo ènìyàn lo sì máa ti yọ ọ́."

Wọ́n wọlé. Abèèrè kan wà lórí tábìlì láàárín gbọ̀ngàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì. Ohùn tirẹ̀ ni. Ó gbọ́ ara rẹ̀ tó ń fi ìdùnnú sọ fún àwọn olóyè pé mẹ́sàn-án nínú ẹni mẹ́wàá ní Ọ̀tún-Ọ̀sà ló fara mọ́ Òfin Kọ́kọ́rọ́ Kejì. Ojú tì í bí ìgbà tí wọ́n bá tú aṣọ lára ènìyàn lọ́jà.

Alàgbà Olúgbèmí, tó ń ṣojú fún àwọn apẹja, gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ mọ nǹkan kan. Àwọn ènìyàn tèmi, wọn kì í jẹ́ kí aládùúgbò wo inú ìkòkò ọbẹ̀ wọn. Kí gan-an lẹ bi wọ́n tí wọ́n fi ní kí ìjọba wá máa wo inú kọ́lọ́bọ́?"

Ọ̀gá Ṣówándé dìde, ó ka ìbéèrè àkọ́kọ́, èyí tó fojú hàn, láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ó kà á dáadáa.

Olóyè Mórẹ́nikéjì, obìnrin tó jẹ́ olórí Ìgbìmọ̀, yíjú sí Mopélọ́lá. "Ìwọ tí ohùn rẹ wà nínú ẹ̀rọ, ṣé bẹ́ẹ̀ lo bi wọ́n?"

Ó dìde. Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti tò ó láti àná: Mo tan ìlú yìí jẹ. Kò jáde. Kì í ṣe ẹ̀rù iṣẹ́ ló dí i. Ìtìjú ni. Bí ó ṣe ń wo ojú àwọn àgbà wọ̀nyẹn, ojú ìyá rẹ̀ ló ń rí, nígbà tó ń bu ẹja sí àwo rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Olóyè," ó wí, "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbàdúrà."

Ta ló máa ní kí wọ́n má gbàdúrà? Àwọn olóyè tẹríba. Ọ̀gá Ṣówándé náà tẹríba, ó tilẹ̀ gbé ọwọ́ lé àyà. Mopélọ́lá fọwọ́ kan orí Abèèrè, bí wọ́n ti ń ṣe bí ìbéèrè bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ojú ológbò náà là.

"Ọlọ́run á bò wá láṣìírí."

"Àmín!"

"Ohun tí a bá fi pamọ́ sílé wa, ọ̀tá ò ní rí i."

"Àmín o!"

"Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣílẹ̀kùn lé wa lórí, Ọlọ́run ò ní fún un ní kọ́kọ́rọ́."

"Àmíìn!" Ohùn Ọ̀gá Ṣówándé ló ròkè jù.

Abèèrè ké pín-ín. "A ti gbọ́ ohùn yín. Gbogbo ẹni tó dáhùn ló fara mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó kọ̀. Ẹ ṣeun."

Wọ́n gbé orí sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ Ọ̀gá Ṣówándé ṣì wà láyà rẹ̀, bíi pé ó gbàgbé bí wọ́n ti ń gbé e kúrò.

"Bí mo ṣe bi wọ́n nìyẹn, Olóyè," ni Mopélọ́lá wí.

Alàgbà Olúgbèmí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti fi àmín mú wa! Ṣówándé, ìwọ náà dìbò tako ara ẹ!" Ẹ̀rín náà ràn káàkiri gbọ̀ngàn. Olórí Ìgbìmọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

Ó lè tọ́ka sí ọ̀gá rẹ̀. Ìdajì òótọ́ ni ì bá jẹ́. "Wọ́n ní kí a wá ohun tó máa rọ ìbéèrè, mà. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí a máa fi rọ̀ ọ́. Èmi ni mo rò ó."

"Màmá mi ṣe àmín sí i," ni Olóyè Mórẹ́nikéjì wí. Kò gbóhùn sókè. "Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní ọmọ tó ni ohùn yìí, ibi tó bá wà, Ọlọ́run á dá a lóhùn."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Mopélọ́lá kúnlẹ̀, ìyẹn nìkan ni ara rẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kóun ṣe.

Wọ́n gbé òfin náà tì sí ẹ̀gbẹ́ kan títí wọ́n á fi fi gbólóhùn gbangba bi ìlú. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́, Mopélọ́lá sì yọ àmì iṣẹ́ láyà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ fa aṣọ ya díẹ̀. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́ nítorí ìyẹn.

*

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó dé orí afárá ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Àwọn Abèèrè ti ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń fi ohùn tirẹ̀ kan náà sọ pé, "Ẹ kú ilé o. A ti wọ́gi lé àmín yín. Ẹ má bínú."

Ìyá Bísọ́yè jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ha ìpẹ́ ẹja. Kò dìde kí i.

"Mopé, jọ̀ọ́, èwo nínú àmín mi ni wọ́n wọ́gi lé? Nítorí mo ṣe ti ọmọ mi tó ń ṣàìsàn mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n bá mi yọ tiyẹn sọ́tọ̀."

"Ẹ má bínú, mà."

"Bínú kẹ̀? Ìyá rẹ ló pè mí pé kí n wá gbọ́ ọ." Ó tún tẹjú mọ́ ẹja rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà nídìí fèrèsé, ó kọjú sí omi. Kọ́tìnì yàrá wà ní kíká, ibùsùn wà ní títẹ́ dáadáa, bíi pé ẹnì kankan ò sùn síbẹ̀ rí.

"Màámi, wọn ò dìbò náà. Wọ́n ti gbé e tì."

"Mo gbọ́."

"Àtọ́kẹ́ dà?"

"Ó ti lọ."

"Síbo?"

Ìyá yíjú, ó sì wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ sọ́rùn, ó bo kọ́lọ́bọ́ mọ́lẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ó ṣe ń bò ó nígbà tí bàbá Mopélọ́lá bá wọlé.

Mopélọ́lá ò lè wo ọwọ́ náà. Ó wo ilẹ̀ pákó, ó wo omi tó ń tàn láàárín pákó méjì, ó sì wá ohun tí ọmọ lè sọ fún ìyá rẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ló mọ̀.

"Ibi tó bá wà, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, mà."

Ìyá rẹ̀ la ẹnu. Ó ti yà fún lẹ́tà àkọ́kọ́ àmín, bí ó ṣe ń yà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i sáyé. Ó tún pa á dé.

"Kí ni mo fara mọ́ báyìí?" ó bèèrè.

Kò bèèrè bí ẹni tó ń bú ènìyàn. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Nígbà tí ohùn Mopélọ́lá jáde, kò dùn bí èyí tó wà nínú ẹ̀rọ.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa lọ, àbí ẹ fẹ́ kí n dúró?"

Ó bi í bẹ́ẹ̀ gbangba. Kò fi nǹkan kan rọ̀ ọ́. Omi ń lu òpó ilé nísàlẹ̀, Ìyá Bísọ́yè ń ha ìpẹ́ lódìkejì.

"Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n má tíì gbàdúrà."